Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin: Ẹ̀sìn àti Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì, láti Róòmù dé Ilẹ̀ Yewa

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí a fi kọjá ẹnubodè dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, òru kan wà tí ọba àti ìjòyè máa ń gbọ́ àléébù ara wọn ní gbangba. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni, òru tó máa ń ṣíwájú ọ̀sán ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ojú ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí òkùnkùn bá ti ṣú dáadáa, ọ̀kọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á gbé ère igi lérí, á jáde. Á kọ́kọ́ júbà: á júbà àwọn ìyá wa, á júbà ọba, á júbà àwọn àgbà ìlú. Ẹ̀yìn ìbà ni yóò tó fi orin tú àṣírí: olóyè tó jẹ owó ìlú, ẹni tó fi aṣọ ẹ̀sìn bojú ṣe ìkà, aláṣẹ tí kò gbọ́ ẹjọ́ tálákà. Gbogbo èrò á gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹni tó máa wá mú un. Àwọn àgbà ti fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ tipẹ́: ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún tí aráyé kò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun.

Òpó méjì ló gbé òru náà ró. Ẹni tó fẹ́ tako aláṣẹ gbọ́dọ̀ júbà kó tó lanu. Aláṣẹ tí wọ́n ń tako gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ọ tán. Nígbà tí mo bá wo bí àwọn olórí ẹ̀sìn ṣe bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lò láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, mo rí i pé níbi tí ìbà àti ìjókòó bá ti pàdé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ń là. Níbi tí ọ̀kan bá ti sọnù, ìtìjú ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, ikú ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù. Ní 1609, Galileo Galilei, ará Ítálì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò tó ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ni, ó sì gbé e sójú ọ̀run. Ní oṣù kìíní 1610, ó rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter po. Ohun tó rí yìí wúwo, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ́ni nígbà náà ni pé ayé wa ló dúró sójú kan, tí gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run sì ń yí i ká. Ní 1611, àwọn ọ̀mọ̀wé àlùfáà Jesuit, ẹgbẹ́ kan nínú Ìjọ Àgùdà, ní Róòmù gbé awò tiwọn náà sókè, wọ́n wò ó, wọ́n ní òótọ́ ni Galileo rí, wọ́n sì ṣe àpèjẹ láti bu ọlá fún un. Ní ọjọ́ yẹn, Ìjọ Àgùdà jókòó bí ọba ṣe ń jókòó lóru Ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀nà rere wà nílẹ̀ fún wọn láti bá ìyókù ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní 1615, Kádínà Bellarmine kọ lẹ́tà sí àlùfáà kan pé bí ẹ̀rí tó dájú bá wà pé ayé ló ń yí oòrùn po, a jẹ́ pé ká fara balẹ̀ tún Ìwé Mímọ́ yẹ̀ wò, ká gbà pé àwa ni kò lóye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn. Galileo gbà pé ayé ló ń yí oòrùn po, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí tó pé lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Àlàyé tó ṣe pé ìrìn ayé ló ń mú kí omi òkun kún kó sì fà, àṣìṣe ni. Ó di 1838 kí onímọ̀ ará Jámánì kan, Bessel, tó fi ìwọ̀n hàn pé ipò ìràwọ̀ kan ń yí díẹ̀ lójú wa bí ayé ṣe ń rìn. Ohun tí Ìjọ ìbá sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “A kò tíì rí ẹ̀rí tó tó, máa wá a lọ, a ń gbọ́ ọ.” Kàkà bẹ́ẹ̀, òfin ni wọ́n fà yọ ní 1616 pé ẹ̀kọ́ náà lòdì sí Ìwé Mímọ́, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé Copernicus, ẹni tó ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ṣáájú Galileo, àfi bí wọ́n bá tún un ṣe.

Galileo náà jẹ̀bi ní apá tirẹ̀. Póòpù Urban VIII ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó gorí àlééfà, ó sì ti fún un ní àyè láti kọ̀wé. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1632, ẹnu Simplicio, ẹni tó dà bí òpè jù nínú rẹ̀, ni Galileo fi èrò Póòpù sí. Ó kọrin, kò júbà. Ọba náà bínú, kò jókòó mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1633, àgbàlagbà ẹni 69 ọdún kúnlẹ̀ níwájú àwọn adájọ́ Ìjọ, ó sẹ́ ohun tó gbàgbọ́. Wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú ní 1642. Ìwé rẹ̀ kò kúrò nínú àwọn ìwé èèwọ̀ títí di 1835. Ó di 1992 kí Póòpù John Paul Kejì tó gbà ní gbangba pé àwọn tó dá ẹjọ́ náà ṣìnà. Ọdún 359 ni wọ́n fi ru ẹrù tí ìjókòó kan ìbá sọ̀ kalẹ̀.

Bóyá ẹnìkan á ní báyìí ni gbogbo onísìn ṣe ń ṣe. Rárá o. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, pásítọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Cotton Mather. Ẹrú kan tí wọ́n kó láti Áfíríkà, Onesimus, sọ fún un pé nílé àwọn, wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́ sára ènìyàn, kí wọ́n fi omi ojú egbò ìgbóná kán an, onítọ̀hún á ṣàìsàn díẹ̀, àrùn náà kò sì ní pa á mọ́. Pásítọ̀ jókòó, ó gbọ́ ẹrú. Nígbà tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní 1721, ó bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ẹnìkan péré, Zabdiel Boylston, ló gbà. Ìlú yarí; wọ́n ju bọ́ǹbù sínú ilé pásítọ̀. Nínú nǹkan bí 6,000 ènìyàn tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, 844 ló kú. Nínú àwọn tó lé ní 240 tí Boylston sín ní gbẹ́rẹ́, mẹ́fà ló kú. Mather yìí kan náà ló ti kọ̀wé gbe ẹjọ́ àjẹ́ ìlú Salem lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ènìyàn ní 1692. A kò lè pè é ní ẹni mímọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gba ẹ̀mí là.

Àrùn yẹn kan náà ni àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ló jẹ́ dárúkọ rẹ̀? Olóde ni wọ́n ń pè é, Ilẹ̀ẹ́gbóná, Ọbalúayé. Láyé ìgbà tí àrùn náà wà, bó bá pa ọmọ ẹni, a kì í sunkún. Ọpẹ́ là ń dá. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń gbé òkú lọ sígbó, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù olóògbé. Lódì kejì ẹnubodè, Sakpata ni àwọn Fọn ń pè é, wọ́n sì gbà pé ilẹ̀ Yorùbá ló ti wá. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni àwọn ọba Dahomey, ìjọba àwọn Fọn, lé àwọn àwòrò rẹ̀ kúrò ní Abomey, olú ìlú wọn.

Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, tí wọ́n bí ní Sierra Leone ní 1861, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ló fi ojú sáyẹ́ǹsì wo inú awo náà. Ó wọ ẹgbẹ́ wọn, ó sì rí i pé àwọn kan máa ń ha èépá ara aláìsàn pamọ́, tí wọ́n fi ń kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ó sọ ohun tó rí. Ní 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de bíbọ Ṣànpọ̀nná. Ẹni tó fi èépá pa ènìyàn, ọ̀daràn ni, ó yẹ kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n òfin náà de gbogbo ẹ̀sìn, kò ya ìkà sọ́tọ̀ kúrò lára olùfọkànsìn. Orò wọ igbó, àrùn kò lọ. Ìjọba tó ní sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ ṣe ohun tí Róòmù tó ní ẹ̀sìn lọ́wọ́ ṣe: ó pàṣẹ, kò jókòó.

Ohun tó lé Ṣànpọ̀nná lọ yàtọ̀. Ní oṣù kejìlá 1966, William Foege, dókítà míṣọ́nnárì ìjọ Lùtérà, gbọ́ pé ìgbóná wà nítòsí Ògójà, ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ kò tó fún gbogbo ènìyàn. Ó bẹ àwọn míṣọ́nnárì tó wà káàkiri agbègbè náà. Lórí rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, oníkálukú ròyìn abúlé tí àrùn wà. Ibẹ̀ nìkan àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́, àrùn sì kásẹ̀ nílẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀, ní Abakaliki ní 1967, inú ìjọ kan tó kọ abẹ́rẹ́ ni 30 nínú àwọn 32 tó ṣàìsàn ti wá. Ní oṣù karùn-ún 1970, a rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Bí o bá dé ọjà Ayétòrò, wo apá ìyá àgbà tó ń wọn gaàrí: àpá roboto tó wà níbẹ̀, àpá bùpá ni.

Ní Kano, ní àríwá Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún yọjú. Ní 2003, àwọn olórí ẹ̀sìn kan ní òògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ kò mọ́, ìpínlẹ̀ náà sì dá a dúró. Ìfura wọn ní orísun: ní 1996, wọ́n ti dán òògùn wò lára àwọn ọmọdé Kano, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́. Ìjọba kò júbà, àwọn olórí kò fẹ́ gbọ́. Kòkòrò àrùn náà láti Nàìjíríà dé nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè. Ní 2004, wọ́n jókòó, wọ́n tún òògùn náà yẹ̀ wò, wọ́n rà á láti Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí, Kano sì gbà. Láti 2009, àwọn ọba àti ẹ́míà, pẹ̀lú Sultan Ṣókótó, wọ inú iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti tán ní Áfíríkà.

Ayétòrò ti ní ilé ẹ̀kọ́ Comprehensive láti 1963, Ìlaròó ti ní Politẹ́kíníìkì láti 1979. Àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ yóò máa mú ọ̀rọ̀ tuntun wá sílé. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin àwòrò, lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ bá sọ ohun tó ta ko ẹ̀kọ́ yín, ẹ fún un ní àga, ẹ bi í ní ẹ̀rí níwájú ìjọ, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kàwé, ẹ júbà kí ẹ tó sọ òótọ́ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Òfin rẹ̀ kò jìnnà sí wa, ojú ọjà wa ló wà: ọba kì í pa ọ̀kọrin.