Àlẹ̀mára àti Abẹ́rẹ́: Ìtàn Oògùn Tí Ń Dín Ìsanra Kù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹnìkan bá ti ìrìn àjò dé tí àwọn ará ilé sì wí fún un pé, "O mà ti sanra o," oríyìn ni wọ́n fi fún un. Bí wọ́n bá sì wí pé ó ti rù, ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí ń jẹ ọmọ òun lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú Dallas yìí, níbi tí a ti ń fi ọkọ̀ lọ sí ibi gbogbo, tí oúnjẹ sì pọ̀ ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oògùn tí ń dín ìsanra kù fi di ohun tí a ń sọ ní ibi ayẹyẹ, ní ilé ìjọsìn àti ní ilé onídìrí.

Oríṣi méjì ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èkíní ni ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ apá tàbí ikùn, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní patch, tí èmi yóò sì máa pè ní àlẹ̀mára. Ẹnikẹ́ni ni ó lè rà á láìrí dókítà. Èkejì ni oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn òbí a máa bèèrè pé: bí àlẹ̀mára bá pọ̀ lọ́jà, tí kò wọ́n, tí kò sì dun ni, kí ni a tún ń wá ìwé dókítà fún? Ìdáhùn kò sí lára páálí rẹ̀. Inú ìtàn ni ó wà.

Òfin Tí A Fi Ẹ̀mí Rà

Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní California, kéde pé èròjà kan tí ń jẹ́ dinitrophenol lè mú kí ara máa jó ọ̀rá rẹ̀ dànù. Wọn kò purọ́: ìwọ̀n ara àwọn tí ó lò ó dín kù lóòótọ́. Láìpẹ́, wọ́n ń tà á káàkiri láìsí ìwé dókítà. Ṣùgbọ́n ooru inú ara àwọn kan ga títí wọ́n fi kú, nǹkan funfun sì bo ẹyinjú àwọn mìíràn tí wọn kò fi ríran dáadáa mọ́. Ìjọba rí i, ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò fún un ní agbára láti dá ọjà náà dúró.

Ní ọdún 1937 ni ẹkún sọ ní ìlú Tulsa, ní Oklahoma, tí ó múlé gbe Texas wa yìí. Ilé iṣẹ́ kan ń ta oògùn olómi tí ń jẹ́ Elixir Sulfanilamide fún àwọn tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. Diethylene glycol ni wọ́n fi pò ó, májèlé sì ni. Kò sí ẹni tí ó dán an wò kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú káàkiri Amẹ́ríkà, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1938, àwọn aṣòfin pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ṣe oògùn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, pé oògùn náà kò léwu. Òfin yìí ni ó lé dinitrophenol kúrò lọ́jà. Ní ọdún 1962, òfin mìíràn fi kún un pé olóògùn gbọ́dọ̀ fi hàn pẹ̀lú pé oògùn òun ń ṣe iṣẹ́ tí a sọ pé ó ń ṣe.

Àwa náà mọ irú ẹkún yẹn. Láàárín ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn eyín ọmọ tí ń jẹ́ My Pikin pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Diethylene glycol yìí kan náà ni a bá nínú rẹ̀. Ohun tí ó pa ọmọ ní Tulsa ní ọdún 1937 ni ó pa ọmọ nílé wa ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lẹ́yìn náà, nítorí pé a kò yẹ ohun tí a fi po oògùn náà wò.

Oògùn Dókítà Náà Ti Ṣe Jàǹbá Rí

Kí a má tan ara wa jẹ: oògùn tí dókítà kọ kì í ṣe omi mímu. Ní ọdún 1973, FDA fọwọ́ sí fenfluramine. Lẹ́yìn ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1992, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pọ̀ mọ́ phentermine, wọ́n sì ń pè é ní fen-phen, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé FDA kò fọwọ́ sí lílò àwọn méjèèjì pọ̀ rí. Ní oṣù keje ọdún 1997, àwọn dókítà ní Mayo Clinic kéde pé àwọn rí obìnrin 24 tí wọ́n lo fen-phen tí àwọn ìlẹ̀kùn inú ọkàn wọn ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n kó fenfluramine àti dexfenfluramine, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, kúrò lọ́jà.

Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀? Olúkúlùkù àwọn obìnrin náà ni ó ní dókítà, tí àkọsílẹ̀ sì wà pé oògùn báyìí ni ó lò. Oògùn oníwèé lè ṣe jàǹbá, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí a lè bi, ó sì ní ojú ẹsẹ̀ tí a lè tọ̀.

Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ní ọdún 1994, àwọn aṣòfin gba àwọn tí ń ta àfikún oúnjẹ láàyè láti tà á láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn FDA pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ilẹ̀kùn yìí wọlé ni ephedra, ewé tí wọ́n ń tà fún dídín ìsanra kù. Àwọn kan tí ó lò ó ní àrùn ọkàn, àwọn mìíràn ní àrùn rọpárọsẹ̀, àwọn mìíràn sì kú. Ọdún 2004 ni FDA tó lè fòfin dè é.

Àlẹ̀mára tilẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n gidi nípìlẹ̀. Ní ọdún 1979, FDA fọwọ́ sí èyí tí ń dènà èébì ìrìn àjò, ní ọdún 1991 ó sì fọwọ́ sí èyí tí ń fi nicotine ran àwọn tí ó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n odi ni awọ ara jẹ́. Èròjà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ju nǹkan bí 500 lọ, nínú òṣùwọ̀n tí a ń pè ní dalton, ni ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwọ̀n nicotine jẹ́ 162. Ìwọ̀n semaglutide, tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ Wegovy, lé ní 4,100. Ihò tí eku gbà wọlé, erin kò lè gbà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àlẹ̀mára tí a kọ GLP-1 sí lára, ẹ mọ̀ pé kò sí oògùn abẹ́rẹ́ náà nínú rẹ̀. Ohun tí a sábà ń bá nínú wọn ni berberine, ewé tíì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, FTC, àjọ tí ń gbógun ti ìtànjẹ nínú òwò, to àwọn ìlérí méje tí kò lè jẹ́ òótọ́ nípa dídín ìsanra kù. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ohun tí a lẹ̀ tàbí tí a fi pa ara lè mú kí ìwọ̀n ara dín kù púpọ̀. Ní ọdún 2004, ó gbé àwọn tí ń ta àlẹ̀mára lọ sílé ẹjọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, òfin ọdún 1994 wí pé ohun tí a ń gbé mì nìkan ni àfikún oúnjẹ. Àlẹ̀mára kì í ṣe oògùn tí FDA fọwọ́ sí, kò sì wà lábẹ́ òfin àfikún oúnjẹ. Bí àdán ni ó rí, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Oògùn ìdínsanra kan ṣoṣo tí FDA fọwọ́ sí kí a máa tà láìsí ìwé dókítà ni orlistat tí a ń pè ní Alli, láti ọdún 2007. Gbígbé ni à ń gbé e mì.

Iṣẹ́ Tí A Ṣe ní Dallas

Ìtàn àwọn abẹ́rẹ́ náà kan ìlú wa. Ní ọdún 1959, Dókítà Roger Unger àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Dallas wá ọ̀nà láti wọn glucagon, hòmóònù tí ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ bíi Joel Habener àti Svetlana Mojsov ní Boston ṣiṣẹ́ lórí ìbátan glucagon kan, GLP-1, tí ìfun ń tú jáde nígbà tí a bá jẹun, tí ó sì ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Ara a máa pa á run láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọdún 1992, Dókítà John Eng rí èyí tí ó jọ ọ́, tí ó sì ń pẹ́ nínú ara, nínú oró aláǹgbá aṣálẹ̀ tí ń jẹ́ Gila monster. Láti inú rẹ̀ ni oògùn àtọ̀gbẹ kan ti jáde ní ọdún 2005. Ọdún 2021 ni FDA fọwọ́ sí Wegovy fún ìsanra, ó sì fọwọ́ sí Zepbound ní ọdún 2023.

Nínú ìdánwò Wegovy, ìwọ̀n ara àwọn tí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 dín kù ní ìpín 14.9 nínú 100. Ti àwọn tí a fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú jẹ́ 2.4. Ẹni tí ó wọn pọ́n-ùn 200 yóò dín ní nǹkan bí 30. Ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀: èébì, inú rírun, òkúta inú àpò òróòro. Àwọn tí ó dáwọ́ dúró sì gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó dín kù padà láàárín ọdún kan. Gbogbo èyí ni a mọ̀ nítorí pé òfin mú kí wọ́n wádìí rẹ̀ kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́dọ̀ àlẹ̀mára, kò sí ẹni tí ó kọ irú èyí sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bèèrè kí a tó ra ohunkóhun: Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Bí ó bá ṣe mí ní jàǹbá, ta ni mo lè bi? Kí a má ṣe ra abẹ́rẹ́ pàápàá nínú báàgì ọ̀rẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, FDA kìlọ̀ pé ayédèrú Ozempic ti wọ ọjà Amẹ́ríkà. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí àlẹ̀mára fi í sílẹ̀, bí ó bá sì ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ láìtijú. Kí a má sì dì í sínú ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ní ti àwọn ọmọ wa, FDA fọwọ́ sí Wegovy fún ọmọ ọdún 12 sókè tí ìsanra rẹ̀ ti di àìsàn ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú dókítà ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé lè fi owó ìpápánu ra àlẹ̀mára níkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ tútù láti ẹnu ìyá àti bàbá ni ó kọ́kọ́ nílò.

Bí a bá sì ń wá ohun tí a kò ní sanwó rẹ̀, Dókítà Kenneth Cooper dá ibùdó eré ìdárayá rẹ̀ sílẹ̀ ní Dallas yìí ní ọdún 1970, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn pé rírìn àti sísáré ń fún ọkàn ní okun. Ẹ jẹ́ kí a máa mú àwọn ọmọ wa rìn ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì dín iyán alẹ́ kù. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.