Ẹyẹ tí ó Fi Orúkọ fún Ìkarahun

Mo ti rò pé ohun kékeré tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ àti òpó etí òkun ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ barnacle ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó fi pe ẹyẹ kan. Ìgbà tí mo wo inú ìwé ni ojú tì mí. Ẹyẹ ni ẹ̀gbọ́n. Ìkarahun ni àbúrò.

Ẹyẹ náà dàbí pẹ́pẹ́yẹ ńlá. Ní ìgbà òtútù a máa wá sí Ireland àti Scotland. Bí ooru bá dé, a padà sí Greenland àti Svalbard lọ yé ẹyin lórí òkúta gíga. Àwọn ará Ireland àtijọ́ kò rí ìtẹ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rí igi tí òkun gbé gúnlẹ̀, tí nǹkan kan rọ̀ mọ́ ọn: ó ní ọrùn gígùn, ìkarahun funfun ní orí, àti ohun bí ìyẹ́ tí ń yọ jáde láàárín rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni ẹ̀yin ìbá wí? Wọ́n ní ọmọ ẹyẹ ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1188, Gerald ti Wales, àlùfáà, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fi ojú òun rí wọn. Ó ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ireland a máa jẹ ẹyẹ náà ní ìgbà ààwẹ̀, nítorí pé a kò bí i láti inú ẹran. (Ikùn kì í ṣàìní agbẹjọ́rò!) Frederick Kejì, ọba Jámánì tí ó kú ní 1250, kò gbà. Ó ránṣẹ́ lọ mú irú igi bẹ́ẹ̀ wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ẹyẹ níbẹ̀. Ó ní ibi jíjìn ni wọ́n ti ń yé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó gbọ́? Ní 1597, John Gerard ṣì ya àwòrán igi tí ń so ẹyẹ sínú ìwé ewé rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ ẹyẹ pe ìkarahun tí wọ́n kà sí ìyá rẹ̀. Linnaeus pàápàá, ní 1758, pè é ní anatifera, èyí ni “abi-pẹ́pẹ́yẹ”. Ní 1830 ni J. V. Thompson fi hàn pé ìbátan akàn àti edé ni. Orúkọ ẹyẹ ni ó ṣì ń jẹ́.