Ìpàkọ́ Onípàkọ́: Ta Ni Kí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà Kọ́kọ́ Wá?

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni." Ẹni tó ń ṣàríwísí ẹlòmíràn láì mọ àléébù ara rẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ó bá a mu, ṣùgbọ́n ìdajì òwe náà nìyẹn. Ìdajì kejì le jù ú lọ. Ó ń sọ pé ibi tí Ẹlẹ́dàá fi ojú ènìyàn sí ti fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Bó ti wù kó gbọ́n tó, bó ti wù kó lágbára tó, ẹlòmíràn ni yóò bá a ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àjọṣe ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáwí nìkan.

Ní Ọ̀rẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, níbi tí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa, kò sẹ́ni tó nílò ìtumọ̀ ìdajì kejì yìí. Ẹ wo agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó. Awakọ̀ ló ń wo iwájú, ọmọ ọkọ̀ ló ń wo ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ rẹ̀yìn wọ ibùdó ìlagi, ọmọ ọkọ̀ ni yóò máa pariwo, tí yóò máa lu ara ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì kọ̀ láti gun òkè, òun ni yóò sáré fi igi há táyà. Orúkọ awakọ̀ nìkan làwọn ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ ọkọ̀ bá sùn, gẹdú tó wà lẹ́yìn kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá awakọ̀ mọ ọkọ̀ wà.

Ibi tí mò ń gbé òwe yìí lọ jìnnà díẹ̀: pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ìbéèrè kan sì wà tí àwọn olówó eré náà ń bi ara wọn lọ́dọọdún: ipò wo ni ká kọ́kọ́ náwó lé? Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NFL, líìgì eré náà tó ga jù, ènìyàn 53 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kọ sílẹ̀, 11 ló sì ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún 1994 ni òfin ti dé owó oṣù mọ́ iye kan. Lọ́dún 2025, iye náà jẹ́ mílíọ̀nù 279.2 dọ́là fún ẹgbẹ́ kan. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè ra gbogbo akọni. Ẹni tó bá fi owó ńlá sí ibi kan yóò fẹ́ ẹ kù níbòmíràn.

Ipò kìíní kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní quarterback, tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ center, tó ń wo pápá, tó ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí, òun ni orí ẹgbẹ́. Ní September 2024, Dak Prescott ti Dallas Cowboys buwọ́ lùwé mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dún. Ṣùgbọ́n orí yìí ní ìpàkọ́. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bó bá ti yí èjìká láti ju bọ́ọ̀lù, kò rí ohun tó ń bọ̀ ní ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́. Ẹni tó dúró síbẹ̀ láti bá a rí i ni left tackle, ọkùnrin tó sábà máa ń wọn ju kílò 140 lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yá bíi ti oníjó. (Fún ọlọ́wọ́ òsì bíi Tua Tagovailoa, tackle ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́rùn.)

Alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù November 1985 ni ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo Amẹ́ríkà. Joe Jacoby, left tackle Washington, fara pa, kò lè ṣeré. Lawrence Taylor ti New York Giants já wọlé, ó gbé quarterback Washington, Joe Theismann, ṣánlẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì kán níṣojú àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kárí orílẹ̀-èdè. Theismann kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láé.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù ni ti Patrick Mahomes ti Kansas City Chiefs, ọ̀gá àwọn quarterback ìran rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù February 2021, ó wọ Super Bowl, ìdíje àṣekágbá NFL, láìní tackle méjèèjì tó máa ń dáàbò bò ó, nítorí ìpalára. Ó sá títí, ó ń ju bọ́ọ̀lù bó ti ń ṣubú lọ. Tampa Bay nà wọ́n 31 sí 9. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù February 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Joe Thuney, tó mọ ipò guard láàárín ilà dunjú, ni wọ́n ti gbé lọ dí àlàfo left tackle. Philadelphia Eagles kò rán ju ènìyàn mẹ́rin lọ bá Mahomes nígbàkígbà, síbẹ̀ wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n sì borí 40 sí 22. Ọkùnrin kan náà ni, apá rẹ̀ kò rọ, ọgbọ́n rẹ̀ kò dínkù.

Nítorí náà, mo fi left tackle ṣe ìkejì. Ìkẹta ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, edge rusher tó ń gba etí ilà wọlé wá bá quarterback ẹlòmíràn. Bóyá ẹ óò ní ó yẹ kí n fi èyí ṣíwájú, nítorí ọjà ń sọ bẹ́ẹ̀: nígbà tí Micah Parsons kúrò ní Dallas lọ sí Green Bay ní August 2025, mílíọ̀nù 47 dọ́là lọ́dún ni wọ́n gbà láti san fún un, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe quarterback tó tíì gba tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Mi ò yí ìdájọ́ mi padà. Ẹni tó ń kọlù lè kùnà nígbà 30 kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì yìn ín. Ẹni tó ń ṣọ́ kò gbọdọ̀ kùnà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí àwọn ènìyàn máa ń hó fún, kò sí nítòsí. Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà tó tìtorí jíju díískọ́ọ̀sì dé Amẹ́ríkà, ló sáré jù ní NFL lọ́dún 1989, yáàdì 1,480. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ kì í náwó lé ipò náà tó bí wọ́n ti ń náwó lé ilà iwájú.

Inú ilà iwájú yìí gan-an ni ẹ óò ti rí orúkọ Yorùbá. Kabeer Gbaja-Biamila gbé àwọn quarterback ṣánlẹ̀ nígbà márùn-dín-lọ́gọ́rin ó dín díẹ̀, 74.5 nínú ìwé, fún Green Bay. (Bí ènìyàn méjì bá jọ gbé ẹnì kan, wọ́n á pín in sí ààbọ̀ ààbọ̀.) Adewale Ogunleye, tí ẹnikẹ́ni kò yàn lọ́dún 2000 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọmọ tuntun láti yunifásítì, gbé wọn ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ní ọdún 2003. Olusegun Oluwatimi gba àmì ẹ̀yẹ center tó dára jù ní yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2022. New York Jets yan Olumuyiwa Fashanu, tó ti jẹ́ left tackle ní Penn State, gẹ́gẹ́ bí ẹni kọkànlá nínú ìyàn ọdún 2024. Moro Ojomo, tí wọ́n bí ní Èkó, wà lára àwọn Eagles tó gba ife lọ́dún 2025.

Ṣùgbọ́n kí n má fi ìwọ̀n sanra nìkan tú òwe. Ní ọjọ́ 5 oṣù November 2023, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé fún Houston Texans fara pa. Ipò tí àwọn ẹgbẹ́ kì í fẹ́ náwó lé nìyẹn. Dare Ogunbowale, tó jẹ́ pé sísáré ni iṣẹ́ tirẹ̀, ló bọ́ síbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé láti yáàdì 29, Houston sì ṣíwájú 33 sí 30. Wọ́n borí 39 sí 37. Ká ní kò wọlé ni, àbọ̀ eré náà ì bá yàtọ̀.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Mike Webster ni center Pittsburgh Steelers, ó gba Super Bowl mẹ́rin. Fún ọdún gbọọrọ ló ń fi orí pàdé orí kí ẹlòmíràn lè ráyè ju bọ́ọ̀lù. Ó kú ní September 2002 ní ẹni 50 ọdún, lẹ́yìn tí iyè rẹ̀ ti dàrú. Dókítà tó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò ni Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Omalu rí àrùn tí ìkọlù orí lemọ́lemọ́ máa ń fà, wọ́n ń pè é ní CTE, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn lọ́dún 2005. Àwọn dókítà NFL ní kí wọ́n fa ìwé náà yọ. Ọdún 2016 ni ọ̀gá kan nínú NFL tó gbà ní gbangba pé eré náà àti àrùn náà tan mọ́ra. Àwọn tó ń ṣọ́ ìpàkọ́ quarterback kò rí ẹni ṣọ́ tiwọn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ eré ìdárayá ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ọ̀nà eré yìí ti ń sún mọ́ ilé. Ní June 2022 ni NFL kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà jọ sí Accra fún ìdánwò. David Onyemata kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Yunifásítì Manitoba láì tíì gbá bọ́ọ̀lù yìí rí, New Orleans sì yàn án lọ́dún 2016. Ọmọkùnrin ńlá tí ẹ ń lé kúrò lórí pápá nítorí pé kò lè gbá góòlù wọlé, ẹ fún un ní ṣọ́tìpúùtù àti díískọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó kọ́ ìjàkadì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá fi Amẹ́ríkà lọ̀ yín, ẹ bi í pé ipò wo ni ọmọ yóò máa ṣe, àti pé ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí orí bá fara pa tí owó sì dáwọ́ dúró. Kí ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.