Buchi Emecheta àti Ìwé Tó Jóná

Ẹni tó bá ń gbé Agége tàbí Ìkejà mọ fèrè ọkọ̀ ojú irin dáadáa. Rélùwéè yìí kan náà ni bàbá Buchi Emecheta bá ṣiṣẹ́. Ará Ìbúsá ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí ọmọbìnrin yìí sí ní 1944.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ sílé-ìwé; òun wà nílé. (Ẹ má rò pé àṣà ayé àtijọ́ nìkan ni.) Ó bẹ̀ títí àwọn òbí rẹ̀ fi gbà. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí Methodist Girls' High School ní Yábàá. Ọmọ ọdún 16 ló wọlé ọkọ. Ní 1962 ó kó ọmọ méjì, ó bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn àròsọ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti rò ó, nígbà tó kọ ọ́ tán tó fi han ọkọ rẹ̀, ńṣe lọ́kùnrin náà dáná sun ún. Kò sí ẹ̀dà kejì. Ó kó jáde lọ́mọ ọdún 22, ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́, oyún ìkarùn-ún nínú.

Ó ṣiṣẹ́, ó kàwé gboyè ní yunifásítì, ó tọ́ ọmọ, ó sì ń kọ̀wé láàárọ̀ kùtù kí àwọn ọmọ tó jí. In the Ditch jáde ní 1972. Lẹ́yìn náà ló tún jókòó ti èyí tó jóná, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. The Bride Price nìyẹn, ìtàn lórí owó orí ìyàwó. Ó jáde ní 1976. Lọ́ńdọ̀nù náà ló kú sí ní 2017.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni The Joys of Motherhood, ti 1979. Èkó ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Nnu Ego gbà pé ọmọ ni gbogbo ayé òun. Ọkọ rẹ̀ ń fọ aṣọ òyìnbó, ó tún di agékoríko fún rélùwéè, kí wọ́n tó mú un lọ sógun Hítílà. Ìyàwó ń ta wẹ́wẹ́, ó ń febi panú kí àwọn ọmọkùnrin lè kàwé. Wọ́n kàwé, wọ́n lọ sókè òkun. Ẹ̀bá ọ̀nà ni Nnu Ego kú sí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà làwọn ọmọ dé, wọ́n náwó rẹpẹtẹ síbi òkú rẹ̀.