Aago àti Àmì Nínú Ètò Rọ́bọ́ọ̀tì Ilé-Iṣẹ́

Ọdún 1961 ni Unimate, rọ́bọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ General Motors ní New Jersey, Amẹ́ríkà. George Devol ló hùmọ̀ rẹ̀. Joseph Engelberger ló sọ ọ́ di ọjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yọ irin gbígbóná lára ẹ̀rọ tó ń da irin yíyọ́. Bó bá nawọ́ kí ẹ̀rọ náà tó ṣí, irin á kọlu irin. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé àsìkò ti tó?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni táímà: kí rọ́bọ́ọ̀tì dúró fún ìwọ̀n àkókò kan, kó tó gbéra. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n àfojúdá ni. Bí afẹ́fẹ́ tó ń pa ọwọ́ ìdìmú dé bá dínkù, àkókò tó tó lánàá kò ní tó lónìí. Ìkejì ni àmì: kó dúró títí sẹ́ńsọ̀ yóò fi jẹ́rìí pé ọwọ́ ìdìmú ti di irin náà mú. Èyí dájú jù, àmọ́ bí wáyà bá já, rọ́bọ́ọ̀tì á dúró síbẹ̀ láìsọ ìdí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, èdè ìkọ̀ ètò VAL tí ilé-iṣẹ́ Unimation ṣe fún rọ́bọ́ọ̀tì PUMA ti ní àṣẹ fún méjèèjì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ABB gbé èdè RAPID jáde ní 1994, àṣẹ WaitDI rẹ̀ so wọ́n pọ̀: èèyàn lè fi MaxTime dá gbèdéke fún àmì tí a ń dúró dè. Bí àpẹẹrẹ, bí gbèdéke bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5, tó sì kọjá láìsí àmì, ètò á kéde àṣìṣe. Èdè FANUC ń lo TIMEOUT, tó ń darí ètò sí ibòmíràn. Nínú èdè KUKA, WAIT FOR kò ní gbèdéke tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò ló gbọ́dọ̀ fi táímà ṣọ́ ọ.

Àmọ́ o, ẹ̀mí èèyàn kọjá ohun tí a ń fi lé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní January 1979, apá rọ́bọ́ọ̀tì kan pa Robert Williams ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Flat Rock, Michigan. Lónìí, ìlà iná ààbò tó dá dúró ló ń pa rọ́bọ́ọ̀tì nígbà tí ẹnu ọgbà rẹ̀ bá ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ má fi táímà lásán rọ́pò àmì tí sẹ́ńsọ̀ lè fún yín, ẹ má sì kọ ìdúró kankan tí kò ní gbèdéke.