Igbó Tó Ń Bà Wá Lẹ́rù: Láti Ayé Ògúndé Títí Dòní

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ó gùn díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọmọ gbé fíìmù kan sí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Fíìmù olówó pọ́ọ́kú ni: èèyàn mẹ́rin, igbó kan, àdá kan, kámẹ́rà tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣìnà sínú igbó, oúnjẹ tán, omi tán, wọn ò rí ọ̀nà jáde. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀ka igi kan ṣẹ́ lẹ́yìn wọn ni ìyàwó mi pariwo débi pé aládùúgbò wa, ọmọ Ẹ̀dó, sáré wá kan ilẹ̀kùn. A ní kó jókòó, a sì jọ wò ó tán. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti pariwo, òun náà á pariwo.

Lẹ́yìn tó parí, mo fi ọmọ mi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ pé àṣé ẹ̀rù iwin ṣì ń bà á. Ó ní, "Dádì, n ò ro ti iwin rárá. Mo rò pé àwọn ajínigbé ló fẹ́ jáde sí wọn ni." Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu mi. Ọmọ yìí ń kàwé ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ló sì ń gbà lọ, ló ń gbà bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ó jọ pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ń ba ìran kan lẹ́rù, kó lọ wo ibi tí wọ́n ti máa ń pariwo nídìí sinimá. Ẹ jẹ́ ká gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí kámẹ́rà tó dé ni igbó ti wà lórí wa. Àwọn ọdẹ ló ń mú ìròyìn ẹ̀ wálé, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tójú ọdẹ rí nínú igbó lẹnu ẹ̀ ń sọ. Ní 1938 ni ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, láti ọwọ́ D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ilẹ̀ Oǹdó. Àwọn bàbá wa kà á nílé ẹ̀kọ́, wọ́n tún kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé. Wọlé Ṣóyínká tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn wa máa fi jókòó nínú òkùnkùn sinimá, Àkàrà-ògùn ti mú wọn wọ igbó ṣáájú. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹni bá wọbẹ̀ ò ní bá ẹranko nìkan pàdé.

Ní 1976 ni Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Adé Afọ́láyàn, tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love, ló ṣe Àjàní, Dúró Ládiípọ̀ náà sì wà nínú ẹ̀. Ta ni Àjàní? Ọdẹ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iwin ló ń bá jà, olówó tó ń fi ipò rẹ́ni jẹ ni. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìgbà yẹn: owó epo rọ̀bì ti dé, àwọn ọ̀gá ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun tó ń dun àwọn òǹwòran nílé ni wọ́n wá rí lójú aṣọ funfun.

Ọdún 1979 ni Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde, Ọlá Balógun náà ló darí ẹ̀. Àwọn àjẹ́ ń pàdé lóru, babaláwo sì dìde sí wọn. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀ níbí nígbà náà, wò ó ní Ìbàdàn nígbà tó lọ sílé. Ó ní ṣe ni àwọn obìnrin ń kígbe "Olúwa ò!" nínú gbọ̀ngàn, tí babaláwo bá sì ti ń pe ọfọ̀, gbogbo èèyàn á máa dá a lóhùn, "Àṣẹ!" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá nìkan rìn lọ sílé. Ẹ rò ó wò: kì í ṣe pé wọ́n rò pé eré lásán ni, kí wọ́n wá gbàgbé. Wọ́n mọ̀ pé eré ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kì í ṣeré lọ́dọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà yẹn, ẹni tó ṣe fíìmù ló ń gbé e káàkiri, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà máa gba owó. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù náà, owó ńlá ló sì ń gbà. Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá, yáwó gọbọi láti fi ṣe Ọ̀run Mooru ní 1982. Àwọn jàǹdùkú bá jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á lọ́jà. Àwọn èèyàn jókòó sílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín Bàbá Sàlá, gbèsè sì ń lọ́ bàbá lọ́rùn. Àwa òǹwòran jẹ nínú ẹ̀bi yẹn o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa.

Ní 1986, ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, ta ló tún fẹ́ fọ fíìmù ní òkè òkun? Kámẹ́rà fídíò ló kù. Ní 1988 ni Ade Ajiboye gbé Ṣóṣo Méjì jáde lórí fídíò, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn gan-an ni igbó wá di ilé iṣẹ́. Igbó kì í gba owó ilé, kò sí pé à ń ra àga, kò sí pé à ń kun ògiri. Ẹ mú òṣèré mẹ́ta, ẹ fi ìlù àti ohùn òwìwí sí i, ó ti tó. Bí igbe òwìwí ṣe ń ba ìyá àgbà lẹ́rù, kò sí owó Amẹ́ríkà tó lè ra irú ẹ̀.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Jimoh Aliu ti fún wa ní Àrélù. Ojọ́ Arówóṣafẹ́ ló ṣe Fádèyí Olóró nínú ẹ̀, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn títí tó fi kú. Ọmọdé tó bá pàdé ẹ̀ lójú títì, sísá ló ń sá.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Ní 1999, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà kan gbé The Blair Witch Project jáde. Òṣèré mẹ́ta tí kò lókìkí, orúkọ tiwọn gan-an ni wọ́n jẹ́ nínú eré, àwọn fúnra wọn ló ń gbé kámẹ́rà nínú igbó Maryland, fún ọjọ́ mẹ́jọ péré. Owó tí wọ́n fi yà á kò tó 100,000 dọ́là. Wọ́n kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọnù lóòótọ́, débi pé àwọn kan ń fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìyá ọ̀kan nínú wọn. Fíìmù náà sì pa owó tó sún mọ́ 250 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú gbogbo ẹ̀, a ò rí àjẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fíìmù olówó pọ́ọ́kú kò lówó tó lè fi ra ẹ̀rù. Àwa tí à ń wò ó la máa ń mú ẹ̀rù tiwa láti ilé wá fi kún un. Bàbá mi mú àjẹ́ wá. Èmi mú Fádèyí Olóró wá. Ọmọ mi mú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wá.

Àwa tí à ń gbé Benin mọ ohun tó ń sọ. Láti Òlùkú títí dé Ọ̀fọsù, igbó ló wà lápá ọ̀tún, igbó ló wà lápá òsì. Nígbà kan, ibẹ̀ la ti ń sọ̀ kalẹ̀ ra ẹran ìgbẹ́ àti ìgbín, tí awakọ̀ á máa yára wa lójú. Ní báyìí, bí mọ́tò bá fẹ́ bàjẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo ọkọ̀ ló máa dákẹ́ rọ́rọ́, tí kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ọdẹ sínú ẹ̀. Ọdẹ inú fíìmù ti padà sínú igbó gidi nìyẹn, àwọn ọmọ èèyàn ló sì ń wá níbẹ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn tí àwọn ọmọ bá ń wo fíìmù igbó, ẹ bá wọn jókòó. Ẹ má fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ti ṣe. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n rò pé ó wà lẹ́yìn igi yẹn, kí ẹ sì sọ tiyín fún wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọ ò lè sọ lójúkojú, ó máa sọ ọ́ nídìí fíìmù.

Ní oṣù tó ń bọ̀, ọmọ mi máa padà sí Ifẹ̀. A ti jọ fẹnu kò pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀ ló máa wọ̀, kò ní rìn lálẹ́, á sì máa pè mí bó bá ti dé Ọ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín náà ń gba ọ̀nà yẹn, ẹ jẹ́ ká mọ ara wa, kí wọ́n lè máa jọ rìn.

Ẹ wá sọ tiyín lábẹ́ ibí: fíìmù igbó wo ló kọ́kọ́ lé yín wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ọdún wo ni, ta lẹ sì jọ wò ó? Ire o.