Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀: ohun tí owó ìrànwọ́ ṣe fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, oṣù náà gan-an tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí, àwọn ọmọ kéékèèké kan wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó mú kí ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni pé èdè Yorùbá ni wọn yóò fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé títí wọn yóò fi jáde ìwé mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn o, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni yóò sì máa kọ́ wọn.

Èyí ni ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ káàkiri àgbáyé ń tọ́ka sí títí dòní pẹ̀lú orúkọ Ifẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni wọ́n sábà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kì í sábà gbọ́, òun ni bí yunifásítì, ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ àti àjọ tó gbé owó kalẹ̀ ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó náà tán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ni aṣíwájú iṣẹ́ náà. Amẹ́ríkà ló ti kàwé, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Nsukka kí ó tó dé Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ìbéèrè tó gbé e nínú kò ṣòroó lóye. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìgbà náà, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á wá yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹ́ pé ìwé mẹ́fà yìí ni òpin ìwé kíkà wọn. Bí ọmọ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nígbà tí wọ́n ń fi í kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì, kí ni yóò mú kúrò níbẹ̀?

Àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fún wọn ní owó ìrànwọ́. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló darí iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà. Àwọn onímọ̀ èdè, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, onímọ̀ ìṣirò àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló jọ jókòó kọ ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayotunde Yoloye ti Yunifásítì Ìbàdàn sì ni wọ́n pè láti yẹ àbájáde iṣẹ́ náà wò. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú tèmi, nítorí ẹni tó se ọbẹ̀ kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí adùn rẹ̀.

Wọ́n tún ya kíláàsì mìíràn sọ́tọ̀ tí wọn yóò máa fi ṣe ìfiwéra. Àwọn ọmọ tibẹ̀ ń tẹ̀lé ètò àtijọ́: ọdún mẹ́ta ní Yorùbá, ọdún mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an pọ̀ sí ni ìwé kíkọ. Bí àwọn ọmọ ṣe ń gòkè láti kíláàsì kan sí èkejì ni ìwé tuntun gbọ́dọ̀ máa wà nílẹ̀ dè wọ́n, kò sì sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá tí ẹnì kan lè lọ rà lọ́jà fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹni tó bá rò pé kí a kàn túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti tó, kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà “agbára”. Agbára ni a ń pe okun tí a fi ti ọmọlanke, agbára náà ni a ń pe ohun tí epo ń fún ọkọ̀, òun kan náà ni a ń pe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe láàrin ìṣẹ́jú kan. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí fún onísáyẹ́ǹsì, olùkọ́ kò sì lè fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn kí ó má da ọmọ lójú rú.

Ti òǹkà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó rí 45 lójú pátákó ń rí ẹ̀wá mẹ́rin àti márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní márùndínláàádọ́ta, ohun tó sọ ni àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Òǹkà tó jinlẹ̀ ni, àmọ́ olùkọ́ ní láti rí ọ̀nà tí yóò fi so ohun tí ojú ọmọ rí pọ̀ mọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń pè.

Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọmọ Yorùbá kò wá sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ òfo. Ó ti rí bí ògì ṣe ń kan. Ó ti rí bí omi eérú àti àdín ṣe ń di ọṣẹ dúdú, bí ewé ẹ̀lú ṣe ń di aró inú ìkòkò aláró. Gbogbo ìwọ̀nyí ni kẹ́mísírì kí ọmọ tó gbọ́ orúkọ kẹ́mísírì rárá. Bí olùkọ́ bá fi èdè tí ìyá ọmọ fi ṣàlàyé ògì fún un bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti wọnú ẹ̀kọ́ kí aago tó lù.

Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, nínú sáyẹ́ǹsì, nínú ìṣirò, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ti Gẹ̀ẹ́sì yìí ló ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù. Àwọn onímọ̀ kan ti béèrè pé ṣé èdè ló ṣe é ni, àbí ìwé tuntun, olùkọ́ tí wọ́n tún kọ́, àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló jọ ṣe é, a ti mọ̀ pé Yorùbá kò dí ọmọ lọ́wọ́.

Ìwádìí náà parí ní 1978. Kí ó tó parí, wọ́n ti pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, ìjọba tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sí mọ́. Owó àjọ Amẹ́ríkà kì í ṣe owó tí yóò máa tẹ ìwé títí ayé, kò sì sí ìpínlẹ̀ kan tó gbé ìnáwó ọdún mẹ́fà yẹn rù gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Àbájáde rẹ̀ di ìwé kan tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun kò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀: ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún àwọn olùkọ́.

Ní 1990, wọ́n fi Fafunwa fúnra rẹ̀ ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ọdún mẹ́fà ní èdè abínibí kò di òfin tó délé dóko. Ó kú ní oṣù kẹwàá 2010. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí ìlànà èdè tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ìwé mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé ìjọba ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ó ní èsì ìdánwò kò dára níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Ẹni tó bá rántí Mọdákẹ́kẹ́ yóò fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìwé wo àti olùkọ́ wo ni wọ́n fún àwọn ọmọ náà.

Bí olùkọ́ yunifásítì kan bá fẹ́ tún ìbéèrè Fafunwa béèrè lónìí, kò ní dandan kí ó lọ sí Amẹ́ríkà. TETFund, tí òfin 2011 dá sílẹ̀ láti inú owó orí èrè àwọn ilé-iṣẹ́, ní owó ìwádìí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń gba inú yunifásítì olùkọ́ náà fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yẹ àbá rẹ̀ wò. Èkejì ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè, tí àwọn olùkọ́ láti ibi gbogbo jọ ń díje fún. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ibùdó kan wà fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nínú ètò yẹn, wọn kò kó owó lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé ó parí ni wọ́n sanwó fún.

Yunifásítì tó bá mọ iṣẹ́ yìí máa ń ní ọ́fíìsì kan tó ń wá irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, tó ń sọ fún àwọn olùkọ́ kí ọjọ́ tó kọjá, tó ń bá wọn yẹ ìṣirò owó wò, tó sì ń kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ lò. Ti ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ló ń wọ kíláàsì, pín ìwé ìbéèrè, gbà á padà, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò sì tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní Mọdákẹ́kẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà.